Oúnjẹ Àlejò Lójú Ọ̀nà Àgbádárìgì

Ẹ̀wà àgànyìn ni ẹ̀wà tí wọ́n sè títí tó fi rọ̀ dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ fọ́, tí wọ́n sì bu ata díndín aláwọ̀ dúdú lé lórí. Láti Ìyànà Ìbà dé Òkòkòmáìkò, títí lọ dé Ìjànìkín, ilé tí kì í jẹ ẹ́ kò pọ̀. Ọmọ Àwórì ń jẹ ẹ́, Ẹ̀gùn ń jẹ ẹ́, Ìgbò tó ń ta tẹlifíṣọ̀n ní ọjà Alábà ń jẹ ẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sáré lọ sí kíláàsì náà kò gbẹ́yìn. Síbẹ̀, oúnjẹ àlejò ni. Àwọn obìnrin tó wá láti Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ ló gbé e wọ Èkó, àwọn tí Yorùbá pa pọ̀ mọ́ ará Gánà, tí wọ́n ń pe gbogbo wọn ní Àgànyìn. Wọ́n á gbé ìkòkò rù, wọ́n á máa kiri àdúgbò láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Ibi tí wọ́n ti wá kò jìn. Ọ̀nà tó gba Ọ̀jọ́ àti Ọ̀tọ̀-Àwórì kọjá ló lọ sí Àgbádárìgì àti ibodè Sẹ̀mẹ̀, òun náà ló sì gba Kútọnu àti Lómè lọ sí Gánà. Èdè Ẹ̀gùn tí wọ́n ń sọ ní ìhà Àgbádárìgì àti èdè àwọn ará etíkun Bẹ̀nẹ̀ fara jọra. Ní 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣàdéhùn ààlà tó pín àwọn èèyàn náà sọ́tọ̀. Kí ibodè tó wà ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ojú omi gba orí ọ̀sà bá ara wọn ṣòwò.

Ilẹ̀ Àwórì tún gba àlejò mìíràn. Bárékè ológun wà ní Ọ̀jọ́. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, bẹ̀rẹ̀ ní 1983. Àwọn oníṣòwò Ìgbò sọ Alábà di ọjà ẹ̀rọ tí wọ́n mọ̀ jákèjádò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn Hausa sì tẹ̀dó sí Alábà Ràgó pẹ̀lú àgbò, àlùbọ́sà àti tòmátì. Gbogbo wọn ló ń tètè jí, gbogbo wọn ló sì fẹ́ jẹun kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Inú ata ni gbogbo ọgbọ́n ẹ̀wà àgànyìn wà. Tàtàṣé gbígbẹ ni wọ́n ń lò. Wọ́n á gbọn kóró inú rẹ̀ dànù, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, wọ́n á wá lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ata gbígbẹ díẹ̀ láìjẹ́ kó kúnná. Epo pupa á wà lórí iná títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi ṣí, tí èéfín rẹ̀ yóò máa ta ni nímú. Àlùbọ́sà rẹpẹtẹ ló ń kọ́kọ́ bọ́ sínú epo náà, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí yóò fi dúdú. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á da ata sí i, tí wọ́n á sì dín iná kù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń dán an wò nílé ti ń ṣì í: bí àlùbọ́sà bá dúdú, ó dùn, bí ata bá jóná, ó korò, kò sì sí ohun tó lè tún un ṣe. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dín á máa rò ó títí epo yóò fi léfòó, tí ata yóò sì jókòó sísàlẹ̀. Ẹ̀wà fúnra rẹ̀ kò ní wàhálà, sùúrù nìkan ló ń fẹ́.

Búrẹ́dì Agége ni wọ́n sábà fi ń jẹ ẹ́, èyí tó rọ̀ tó sì ń fà. Àlejò wà nídìí òwò búrẹ́dì náà. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tó wá ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní Rélùwéè ní 1913, wà lára àwọn tó sọ búrẹ́dì di òwò ńlá l'Ékòó láàárín 1920 sí 1930. Ẹni tó bá fi búrẹ́dì Agége gbá ẹ̀wà àgànyìn l'Òkòkòmáìkò ń jẹ iṣẹ́ ọwọ́ Tógò àti ti Jàmáíkà pa pọ̀, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ Èkó ni gbogbo ayé ń pè é.

Oúnjẹ títà wà lára iṣẹ́ díẹ̀ tí àlejò lè bẹ̀rẹ̀ láìní ìwé ẹ̀rí, láìgbọ́ èdè ìlú yé. Ìkòkò, igi ìdáná àti ẹ̀wà àwìn ti tó. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún àwọn ará Ṣáínà ní Amẹ́ríkà. Wọ́n wá wa wúrà ní California lẹ́yìn 1848, wọ́n sì wà lára àwọn tó la ojú irin tó parí ní 1869. Nígbà tí iṣẹ́ wọ́n, àwọn aláwọ̀ funfun ní wọ́n ń gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn, ìjọba sì ṣòfin ní 1882 láti ti ilẹ̀kùn mọ́ alágbàṣe láti Ṣáínà. Àwọn oníṣòwò wà lára ìwọ̀nba tí òfin náà gbà láàyè. Nígbà tí ilé ẹjọ́ ka onílé oúnjẹ mọ́ oníṣòwò ní 1915, ilé oúnjẹ Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i. Òfin ló lé wọn dé ìdí ààrò. Chop suey, oúnjẹ kan tí wọ́n ń tà, ahọ́n ará Amẹ́ríkà ni wọ́n sè é fún. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ṣáínà dé lè má mọ̀ ọ́n. Oúnjẹ wọn sì wọ inú ìdílé débi pé ọ̀pọ̀ Júù ní Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ di àṣà láti jẹ oúnjẹ Ṣáínà lọ́jọ́ Kérésìmesì, nítorí pé ilé oúnjẹ wọn máa ń ṣí lọ́jọ́ tí ti àwọn ẹlòmíràn bá tì.

Òfin kò fojú fo Àgànyìn náà. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Nàìjíríà. Àwọn tó lọ ju mílíọ̀nù kan, ará Gánà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀nà Àgbádárìgì yìí ni ọ̀pọ̀ gbà, pẹ̀lú báàgì tí a ṣì ń pè ní Ghana Must Go, ọ̀pọ̀ sì há sí Sẹ̀mẹ̀ nítorí pé ibodè tó wà níwájú tì pa. Gánà ti ṣe irú rẹ̀ fún àwọn Yorùbá ní 1969. Àwọn kan pe ti 1983 ní ẹ̀san, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe àwọn tó ń ta oúnjẹ ló ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Àwọn èèyàn lọ, oúnjẹ wọn dúró. Àwọn obìnrin Yorùbá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dín ata náà, lónìí ẹni tó ń ta ẹ̀wà àgànyìn lè jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú tàbí ọmọ Èkìtì.

Oúnjẹ Ṣáínà pàápàá ti dé òde ìnáwó Yorùbá. Fráìdì ráìsì tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jọ̀lọ́ọ̀fù nínú abọ́ àríyá, láti ọ̀dọ̀ wọn ló ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kọ́rì, táìmù àti ẹ̀dọ̀ màlúù tí a ń dà sí i ti sọ ọ́ di tiwa. Índómì tún yára wọlé jù ú lọ. Láti Indonéṣíà ló ti wá, ó dé Nàìjíríà ní 1988, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é níbí sì bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀tà ní 1995. Ní àyíká LASU, lọ́dọ̀ àbókí onítíì ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jẹ ẹ́: á se índómì, á po ẹyin mọ́ àlùbọ́sà àti ata, á sì yí gbogbo rẹ̀ pọ̀ nínú páànù kan ṣoṣo.

Kì í ṣe gbogbo oúnjẹ àlejò ló ń tàn kálẹ̀ báyìí. Sùyà ti di ti gbogbo ayé, ṣùgbọ́n túwó ṣì wà lọ́wọ́ Hausa, Ìgbò ló sì ń jẹ ọ̀kpà àti àbàchà jù. Ó jọ pé oúnjẹ tí èèyàn lè jẹ ní ìdúró, kó sì máa bá tiẹ̀ lọ, ló ń yára wọ ìlú. Ọbẹ̀ kì í tètè kúrò lọ́wọ́ ìyá tó ń sè é. Ìyàwó tó ti ibòmíràn wá ni ọbẹ̀ àjèjì sábà máa ń bá wọlé.

Ẹ̀wà àgànyìn ní àǹfààní mìíràn lára gbogbo wọn. Ẹ̀wà ń pẹ́ lórí iná, gáàsì sì ti wọ́n. Láti 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ni owó ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀wà bọ̀ láti Òkè Ọya ti fò sókè, owó ẹ̀wà náà sì tẹ̀ lé e. Ìkòkò ńlá kan lórí igi ìdáná lè bọ́ òpópónà kan. Ìyá tó bá rán ọmọ lọ ra ẹ̀wà nínú abọ́ láàárọ̀ Sátidé, pẹ̀lú búrẹ́dì, lè má ná tó ohun tí gáàsì nìkan yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá ní kóun sè é nílé.