Ṣé Gàrí Ìlú Wa Ló Dára Jù Ni, àbí Ìfẹ́ Ìlú Ló Ń Sọ̀rọ̀?

 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ tó máa ń dá awuyewuye sílẹ̀ ní ìsọ̀ àwọn alágàrí ni. Oníbàárà kan á dé, á ní òun kò ra gàrí mìíràn àfi ti Ìjẹ̀bú. Ẹnì kejì á ní ti Ẹ̀gbá ni kò lẹ́gbẹ́. Ẹni tó wá láti ìhà Ẹdó á ní gàrí tí a fi epo sí nìkan ni gàrí, pé eléyìí tó kù, ebi ló ń jẹ́ kí wọ́n máa mu ún. Kálukú ń yin ti ìlú rẹ̀. Àwa tí a ń tà á náà kò gbẹ́yìn, ibi tí wọ́n ti bí wa la máa ń kọ́kọ́ nàka sí. Ìbéèrè wa ni pé, ṣé ahọ́n ló ń sọ òótọ́ ni, àbí ìfẹ́ ìlú ẹni ló ń ti ahọ́n sọ̀rọ̀?

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpárá o. Owó wa wà níbẹ̀. Bí a bá fi ìfẹ́ ìlú ra àpò mẹ́wàá, tó wá jẹ́ pé gàrí náà kò gbẹ, tó bu sínú àpò, ìlú kọ́ ni yóò san gbèsè yẹn, àwa ni.

OHUN TÓ MÚ GÀRÍ YÀTỌ̀ SÍRA

Kí a má parọ́, gàrí yàtọ̀ síra lóòótọ́. Ẹ̀gẹ́ náà ni gbogbo rẹ̀, ọwọ́ tó ṣe é ló yàtọ̀. Bí a bá bẹ ẹ̀gẹ́, tí a fọ̀ ọ́, tí a rin ín tán, a ó dì í sínú àpò, a ó fi òkúta tàbí jáàkì tẹ̀ ẹ́ kí omi rẹ̀ lè ro dànù. Iye ọjọ́ tó bá lò kí a tó fi asẹ́ jọ̀ ọ́, kí a tó yan án, òun ló ń sọ bí yóò ṣe kan tó. Àwọn Ìjẹ̀bú máa ń jẹ́ kí ó pẹ́, ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí tiwọn fi ń kan, tó sì kúnná. Níbòmíràn, ọjọ́ kan tàbí méjì ti tó wọn, gàrí wọn kò ní kan púpọ̀. Ní ti gàrí pupa, epo ni wọ́n fi sí i. Ṣùgbọ́n láti 2011 ni wọ́n ti gbé ẹ̀gẹ́ tí inú rẹ̀ pọ́n, tó ní fítámì A, jáde ní Nàìjíríà, nítorí náà kì í ṣe gbogbo gàrí tó pọ́n ni epo wà nínú rẹ̀.

Bí ẹnì kan bá wá ní òun fẹ́ èyí tó kan, kò ṣe àṣìṣe. Ohun tí wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà ni. Ẹni tó ní òun kò fẹ́ kí ó kan náà kò ṣe àṣìṣe. Ẹnu olúkálukú ló mọ ohun tó dùn mọ́ ọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ ni pé ẹni tó fẹ́ràn gàrí ìlú rẹ̀ kì í dúró síbẹ̀. Á ní ó gbẹ jù, ó mọ́ jù, ó ń wú jù, kò sì tíì fọwọ́ kàn án. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tó tóbi tó ti baba òun.

WỌ́N TI DÁN IRÚ RẸ̀ WÒ RÍ

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọtí nínú wa, ẹ mọ̀ pé bí Ìjẹ̀ṣà bá jókòó, Trophy ló máa kọ́kọ́ bèèrè, nítorí Ilẹ́ṣà ni ọtí náà ti bẹ̀rẹ̀. Lókè òkun lónìí, àwọn tó ń pọn bíà díẹ̀díẹ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan ti pọ̀, àwọn ará ìlú wọn á sì máa búra pé kò sí irú rẹ̀ láyé.

Ní 1964, àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Allison àti Uhl, gbé bíà fún àwọn amutí tó lé ní 300. Wọ́n kọ́kọ́ yọ orúkọ kúrò lára ìgò. Wọ́n ní kí wọ́n mu ún nílé wọn, kí wọ́n fún un ní máàkì. Èyí tí kálukú ti ń fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ yìn, kò dá a mọ̀ mọ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé bíà wá pẹ̀lú orúkọ lára ìgò. Ẹ̀yin èèyàn wa, máàkì lọ sókè, pàápàá ti ọtí tí kálukú ń pè ní tirẹ̀. Orúkọ ló gbé máàkì sókè, kì í ṣe ọtí.

Èkejì tún jù ú lọ. Ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún 1976, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ta wáìnì ní Paris, Steven Spurrier, pe àwọn ọmọ ilẹ̀ Faransé mẹ́sàn-án tó jẹ́ ọ̀gá nínú ìmọ̀ wáìnì jọ. Ó bu wáìnì Faransé àti ti Kalifóníà ní Amẹ́ríkà fún wọn, kò jẹ́ kí wọ́n mọ èwo ni èwo. Ìgbà tí wọ́n ka máàkì tán, ti Kalifóníà ló ṣe ipò kìíní nínú èyí funfun, òun náà ló tún ṣe é nínú èyí pupa. Ọ̀kan nínú àwọn tó tọ́ ọ wò tilẹ̀ ní kí wọ́n dá ìwé máàkì òun padà fún òun! Bẹ́ẹ̀ àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ọmọdé nínú iṣẹ́ yìí. Bí orúkọ bá lè tan irú wọn, ta ni àwa?

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé orúkọ máa ń ṣáájú oúnjẹ dé ọkàn. Kí ahọ́n tó tọ́ ọ wò, ọkàn ti dájọ́.

BÍ A ṢE LÈ DÁN AN WÒ NÍ ÌSỌ̀ WA

Kò gba owó. Àwo mẹ́rin àti ọmọ kan tí kò ní sọ̀rọ̀ ti tó.

Ìkíní, ẹ mú gàrí mẹ́ta láti ìlú mẹ́ta. Kí ó má jẹ́ pé ọ̀kan ti pẹ́ ní ìsọ̀ ju èkejì lọ.

Ìkejì, kí ọmọ náà bù ú sínú àwo níbi tí ojú yín kò tó, kí ó kọ nọ́ńbà sí ìdí àwo. Kí ó bu ọ̀kan nínú gàrí náà sínú àwo méjì, kí ó má sọ èwo ni. Bí ẹ bá fún àwo méjèèjì yìí ní máàkì tó jìnnà síra, ẹ mọ̀ pé ahọ́n yín kò dúró sójú kan lọ́jọ́ yẹn.

Ìkẹta, ẹ fún un mọ́wọ́. Gàrí tó gbẹ kò ní dì mọ́ra bí ẹ bá tú ọwọ́. Ìlànà Codex ti àgbáyé ní omi inú gàrí kò gbọdọ̀ ju ìdá 12 nínú 100 lọ. Ẹ da omi tútù sí i, òṣùwọ̀n kan náà fún gbogbo rẹ̀, kí ẹ wo bó ṣe wú. Èyí tó dára á wú tó ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ wo ìdí omi bóyá yanrìn wà níbẹ̀.

Ìkẹrin, ìgbà yìí ni kí ẹ tọ́ ọ wò. Ẹ kọ máàkì sílẹ̀ kí ẹ tó yí àwo wo ìdí rẹ̀.

Ẹ pín in sí méjì o: bó ṣe kan sí, ìyẹn jẹ́ ti ẹnu yín. Gbígbẹ, mímọ́ àti wíwú, ìyẹn jẹ́ ti ọwọ́ àti ojú, kò sì ní ìlú.

ÌFẸ́ ÌLÚ KÌ Í ṢE Ẹ̀ṢẸ̀

A kò ní kí ẹnikẹ́ni kórìíra ìlú rẹ̀. Bí a bá ń ra ọjà níbi tí wọ́n ti mọ̀ wá, a mọ ẹni tó yan án, a mọ ilé rẹ̀, bó bá bàjẹ́ a mọ ẹni tí a máa bá wí. Èrè ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ràn ìyá alágàrí rẹ̀ ni kí ó sọ fún un pé, "Màmá, èyí tó wá lọ́sẹ̀ yìí kò gbẹ o." Bí a bá ń yìn ín láìdán an wò, àwa là ń bá a ba iṣẹ́ jẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa kọ Ìjẹ̀bú sára àpò tí kò dé Ìjẹ̀bú rí. Ìfẹ́ tí oníbàárà ní sí ìlú rẹ̀ la fi ń tàn án jẹ nìyẹn, ọjọ́ tó bá já sí i, kì yóò ra tòótọ́ mọ́ lọ́wọ́ wa.

Ẹ dán an wò ní ìsọ̀ yín, kí ẹ mú èsì rẹ̀ wá sí ìpàdé. Bí gàrí ìlú wa bá ṣe kìíní láìsí orúkọ, a ó jó. Bí kò bá ṣe é, a ti mọ ohun tó kù tí a máa tún ṣe. Ajé á ṣàwárí gbogbo wa o.