Ṣé o mọ̀? Ẹ̀kú kan, aṣọ 300

Aṣọ tó lé ní 300 ni wọ́n rán pọ̀ sára ẹ̀kú egúngún kan ṣoṣo. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ẹ̀kú náà ti wá, Brooklyn Museum ní New York ló sì wà báyìí. Lọ́dún 2019, òun nìkan ni wọ́n gbé odindi àfihàn kan kà.

Aṣọ ilẹ̀ Áfíríkà wà níbẹ̀, ti Yúróòpù wà níbẹ̀, ti Éṣíà náà ò gbẹ́yìn. Irú ẹ̀kú bẹ́ẹ̀ kì í parí lẹ́ẹ̀kan. Bí ọdún egúngún bá ń súnmọ́, ẹbí á tún wá aṣọ tuntun, wọn á rán an lé ti àtijọ́: àrán, dàmáásìkì, ańkárá. Wọ́n sábà máa ń fi aṣọ pupa gbá etí rẹ̀, tí wọ́n gé ṣóńṣó-ṣóńṣó bí eyín ayùn.

Òkè nìkan ni wọ́n ti so àwọn aṣọ gbọọrọ ara ẹ̀kú mọ́ra, kí wọ́n lè fò bí egúngún bá ń pòòyì. Ìbùkún ni wọ́n ka atẹ́gùn tó ń ti ara wọn jáde sí. Aṣọ tó wà nínú pátápátá, tó kan ara ẹni tó gbé e, sábà máa ń jẹ́ aṣọ òfì aláró àti funfun, irú èyí tí wọ́n fi ń di òkú.