Bakitéríà tí iná ìdáná ń ta jí: ohun tó ń bá ìrẹsì Ọ̀fàdà wọ ìkòkò

Ìlú Ọ̀fàdà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, kò jìnnà sí Mowe àti Ibafo lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Gbogbo wa la mọ ìrẹsì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀: ó kúrú, àwọ̀ pupa ṣì ń hàn lára rẹ̀ nítorí pé wọn kì í ha á tán, rírẹ tí wọ́n sì ń rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan ló fún un ní òórùn tí a fi ń dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà tó ń tẹ̀ lé e bọ̀ láti oko, tí imú kò lè gbọ́ òórùn rẹ̀.

Orúkọ rẹ̀ ni Bacillus cereus. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, kárí ayé, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ìrẹsì, ìbáà jẹ́ ti Ọ̀fàdà tàbí èyí tó ti Thailand wọlé. Bí oúnjẹ bá tán fún un, kì í sábàá kú. Á pa ara dà di ohun líle kékeré kan tí wọ́n ń pè ní spore: omi inú rẹ̀ á dín kù gidigidi, ẹ̀wù á sì wà lórí ẹ̀wù. Kò ní jẹun, kò ní dàgbà, á kàn máa dúró de ọjọ́ tó bá dáa. Omi tó ń hó kò tó láti pa gbogbo irú spore bẹ́ẹ̀. Ferdinand Cohn, onímọ̀ ará Jámánì, ti ṣàkíyèsí èyí lára ìbátan rẹ̀, Bacillus subtilis, ní 1876.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀wù náà nípọn ju ìyókù lọ. Okùn ṣúgà ni wọ́n fi hun ún, àwọn ègé kéékèèké tó jọ protein ló sì so okùn náà pọ̀. Bí bakitéríà bá ṣe ń hun ún lọ́wọ́, ẹ́ńsáìmù méjì á máa tún un ṣe. Èyí tó ń jẹ́ CwlD á gé ègé protein kúrò lára àwọn ṣúgà kan. PdaA á wá yọ èròjà acetyl kúrò lára ṣúgà kan náà, ibi tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ yẹn á sì ká di òrùka. Nínú B. subtilis, nǹkan bí ìdajì irú ṣúgà yẹn ló ń di òrùka báyìí.

Èèyàn lè rò pé torí kí ẹ̀wù náà lè le sí i ni. Rárá o. Ní 2002, àwọn onímọ̀ láti Japan àti Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé iṣẹ́ jáde lórí B. subtilis tí wọ́n ba jíìnì PdaA rẹ̀ jẹ́. Ó di spore bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n nígbà tí oúnjẹ dé, kò lè jáde. Àwọn ẹ́ńsáìmù tó yẹ kó ya ẹ̀wù náà kò dá ibi tí wọn yóò gé mọ̀, nítorí pé òrùka yẹn ni àmì wọn, gẹ́gẹ́ bí télọ̀ ṣe ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí aṣọ kí àlùmọ́gàjí tó kàn án. Àtìgbà tí wọ́n ti ń hun ẹ̀wù ni wọ́n ti ń palẹ̀ ọjọ́ tí wọn yóò bọ́ ọ mọ́. Lójú tèmi, ohun àrà gbáà ni.

Ooru gan-an wà lára ohun tó ń múra spore sílẹ̀ láti jí. Iná á ti pa àwọn tí ì bá bá a du oúnjẹ, ìrẹsì á wà nílẹ̀ tó ń tutù díẹ̀díẹ̀ nínú ìkòkò ńlá, B. cereus á sì máa pọ̀ sí i. Àwọn kan nínú wọn ń ṣe májèlé tó ń jẹ́ cereulide. Èyí ló fa èébì fáwọn tó jẹ ìrẹsì díndín ní ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà ní Britain láàárín ọdún 1970 sí 1979: wọ́n ti se ìrẹsì náà sílẹ̀ mọ́jú láìgbé e sí ibi tútù. Èébì náà lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ìdajì wákàtí sí wákàtí mẹ́fà. Gbígbé oúnjẹ kaná padà kò sì mú májèlé yìí kúrò, torí pé ooru 121°C pàápàá kò bà á jẹ́.

Ọgbọ́n kan náà ló fún wa ní irú, tí ọbẹ̀ ata Ọ̀fàdà kò lè ṣe aláìní. Àwọn ìyá wa á se igbá fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọn á bó o, wọn á tún un sè, wọn á fi ewé bò ó fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Wọn kì í bu nǹkan kan sí i kó lè wú. S. A. Ọdúnfá ti Yunifásítì Ìbàdàn, tó kọ̀wé lórí irú ní 1981, wà lára àwọn tó fi hàn pé ẹ̀yà Bacillus ló ń ṣiṣẹ́ náà, B. subtilis ló sì ń ṣáájú wọn. Àwọn ìyá yìí ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi iná ṣa bakitéríà tí wọ́n fẹ́ tipẹ́tipẹ́ kí Cohn tó gbé nǹkan sábẹ́ awò, ó sì yẹ ká máa kà á sí ìmọ̀ gidi.

Àmọ́ B. cereus náà máa ń yọ́ wọ inú irú nígbà mìíràn, ìdí nìyẹn táwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ oúnjẹ níbí àti ní Benin fi ń wá B. subtilis tó dáńgájíá tí a lè fi bẹ̀rẹ̀ irú. Ní ti ìrẹsì, ẹ̀yin alásè tẹ́ ẹ máa ń se ti òde ọ̀la sílẹ̀ lálẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í sílẹ̀ nínú ìkòkò mọ́jú. Ẹ jẹ́ kó máa gbóná ju 60°C lọ títí tẹ́ ẹ ó fi bù ú, tàbí kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sínú àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kó tètè tutù, kó sì wọ fíríìjì láàárín wákàtí kan. Níbi tí iná ọba kò ti dúró, ẹ kúkú se é láàárọ̀ ọjọ́ òde náà.