Ẹja Kékeré Ìsàlẹ̀ Omi Nínú Ilé Wa

Lẹ́yìn ọdún Iléyá kan, mo ra ẹja kékeré onírùngbọ̀n mẹ́fà fún àwọn ọmọ mi ní Ìsọlọ̀. Wọ́n fi ojú jọ àrọ̀ tí a ń rà lọ́jà Òṣòdì, ṣùgbọ́n ọ̀kan kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Corydoras ni wọ́n ń pè wọ́n. Odò ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ni orírun wọn. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, mẹ́rin ti kú. Àbíkẹ́yìn mi bi mí pé, "Màmá, ṣé àwa la pa wọ́n?" N kò lè purọ́ fún un. Àwa ni.

Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ ìtàn obìnrin tó ti ológbò mọ́lé, tí kò bọ́ ọ, tí kò sì jẹ́ kó jáde lọ wá oúnjẹ rẹ̀ títí ó fi kú. Obìnrin náà jìyà lórí rẹ̀. Ẹja inú gíláàsì pẹ̀lú kò lè jáde lọ wá omi mìíràn. Amánà ni lọ́wọ́ wa.

Àṣìṣe wa kìíní ni omi. Tààrà láti ẹnu ẹ̀rọ ni mo bu tiwa. Kiloríìnì tí a fi ń pa kòkòrò inú omi ẹ̀rọ a máa ba ibi tí ẹja fi ń mí jẹ́. Ẹ pọn omi náà sínú bàsíà ẹlẹ́nu gbòòrò, ẹ fi àwọ̀n bò ó nítorí ẹ̀fọn, kí ó di ọjọ́ kejì. Bí ó bá jẹ́ ti bọ́hóòlù, ẹ máa dà á láti inú korobá kan sí òmíràn kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́.

Èkejì, a kánjú. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ló ń pa oró ìgbẹ́ ẹja, wọ́n sì ń lò tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ tó nínú àpótí tuntun. Ẹja díẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wọlé. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà. Omi tí ẹ bù jáde ni kí ẹ fi fọ fóòmù inú ẹ̀rọ, kí àwọn kòkòrò náà má bàa kú.

Ẹ̀kẹta ni oúnjẹ. Àwọn kan ní ẹja ìsàlẹ̀ omi, ìdọ̀tí ló ń jẹ. Irọ́ ni. Ẹ̀bà àti búrẹ́dì táwọn ọmọ mi ń jù sí wọn ló rà tó sì sọ omi di májèlé. Oúnjẹ ẹja tó ń rì ni kí ẹ fún wọn, díẹ̀, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, nítorí ọ̀pọ̀ ẹja onírùngbọ̀n ló fẹ́ràn òkùnkùn.

Iyanrìn kíkúnná ni kí ẹ tẹ́ sísàlẹ̀. Òkúta ẹlẹ́nu mímú a máa gé irùngbọ̀n tí wọ́n fi ń wá oúnjẹ. Àfọ́kù ìkòkò á di ilé wọn. Ẹ má ra ẹyọ kan: wọn kì í fẹ́ dá gbé, mẹ́fà ni ó yẹ wọ́n. Ife ni kí ẹ fi gbé wọn, nítorí ẹ̀gún lẹ́bẹ́ wọn a máa há sínú àwọ̀n. Ẹ pa iná ẹ̀rọ kí ọwọ́ tó wọ omi.

Bí iná bá lọ ńkọ́? Corydoras a máa gòkè gbé afẹ́fẹ́ mì, ìfun rẹ̀ ló fi ń lò ó. Ẹ má kún omi dé ìdérí. Ṣùgbọ́n Synodontis odò Kóńgò, tó ń fi ẹ̀yìn lúwẹ̀ẹ́, kò ní irú ẹ̀bùn yẹn. Ẹ máa fi ife bu omi rẹ̀, kí ẹ sì máa dà á padà láti òkè.

Ẹ má sì fi ọmọ àrọ̀ bá wọn gbé. Bó bá dàgbà, yóò gbé wọn mì. Ẹja tó bá sú yín, ẹ má dà á sí gọ́tà tàbí omi Òkè-Àfá. Ẹja àjèjì lè ba omi onílé jẹ́.

Méjì tó kù fún wa yè. Lẹ́yìn oṣù méjì la ra mẹ́rin kún wọn, àbíkẹ́yìn mi ló sì ń bọ́ wọn nísinsìnyí. Ó ń wọn oúnjẹ náà lọ́wọ́ bí ẹni ń wọn wúrà. Láádá wà nínú ṣíṣe rere sí gbogbo ohun ẹlẹ́mìí. Kí Ọlọ́hun má jẹ̀ ẹ́ kí ẹ̀dá Rẹ̀ jìyà lọ́wọ́ wa. Àmín.