Ihò méjì fún agolo mílíìkì, ihò kan fún píọ̀ wọ́tà: Ọgbọ́n tó wà nínú àpò tó ń fún pọ̀

Kò sí ìyá olóúnjẹ tàbí ọmọléèwé tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń lu agolo mílíìkì. Ihò méjì ni wọ́n máa ń lu sí i lórí, ọ̀kan ní apá kan, èkejì ní òdìkejì. Bí ihò náà bá jẹ́ ẹyọ kan péré, mílíìkì á kàn máa kán tó-tó-tó ni, ènìyàn á sì máa mi agolo títí ọwọ́ yóò fi máa ro ó. Ṣùgbọ́n bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹnì kan nínú ọkọ̀, tó sì ra píọ̀ wọ́tà, igun kan ṣoṣo ni yóò fi eyín já. Kò ní í já igun kejì, síbẹ̀ omi yóò máa dà sí i lẹ́nu títí ọ̀rá náà yóò fi pẹlẹbẹ bí ewé. Kí ló dé tí agolo fi ń bèèrè ihò méjì, tí ọ̀rá kò sì bèèrè ju ẹyọ kan lọ?

Ìbéèrè yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwàdà, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ ti yọ ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú ewu ikú ní ilé ìwòsàn káàkiri ayé. Òun ló wà nídìí àpò ẹ̀jẹ̀, àpò omi dírípù, túùbù ọṣẹ ìfọyín, àti wáìnì inú páálí tó wọ́pọ̀ ní ìlú òyìnbó.

Afẹ́fẹ́ ló ni ẹjọ́

Afẹ́fẹ́ tó yí ènìyàn ká kì í ṣe ohun tí kò ní ìwọ̀n. Ní gbogbo ibi tó bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan níbùú àti lóròó, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ̀ ẹ́ tó ẹrù kílò kan. Ara kì í mọ̀ ọ́n nítorí pé láti ìhà gbogbo ló ti ń tẹ̀ wá.

Nígbà tí omi bá ń jáde nínú ohun tó le, ìbáà jẹ́ agolo, ìgò tàbí agbè ẹmu, ó ń fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ kò bá ráyè wọlé láti dí àyè náà, ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó ti wà nínú ibẹ̀ yóò fẹ́lẹ́, agbára rẹ̀ yóò dín kù, afẹ́fẹ́ ìta yóò sì máa ti omi padà lẹ́nu ihò. Ìdí nìyí tí ẹmu fi máa ń dún gbulu-gbulu bí wọ́n bá dorí agbè kodò. Ẹmu díẹ̀ á jáde, afẹ́fẹ́ díẹ̀ á wọlé, àwọn méjèèjì á jọ máa du ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Ihò kejì lára agolo mílíìkì ni ọ̀nà tí wọ́n là fún afẹ́fẹ́ kó má baà dí mílíìkì lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rá yàtọ̀ pátápátá. Bí omi ṣe ń jáde níbẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ìta ń tẹ ọ̀rá náà wọlé, tí àyè tí omi ìbá fi sílẹ̀ sì ń pa dé lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ohun tí afẹ́fẹ́ fẹ́ wọlé wá rọ́pò. Afẹ́fẹ́ tó jẹ́ ọ̀tá agolo ti di ọ̀rẹ́ ọ̀rá, nítorí pé òun gan-an ló ń bá a fún omi jáde.

Láti orí àpò ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ dé orí páálí wáìnì

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ohun tuntun. Láyé àtijọ́, awọ ewúrẹ́ ni àwọn arìnrìn-àjò ilẹ̀ Hausa fi ń ṣe àpò omi wọn. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, àpò ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni àwọn ayàwòrán ń tọ́jú ọ̀dà sí. Wọ́n á fi ìṣó lu ú, wọ́n á fún ọ̀dà díẹ̀ jáde, wọ́n á sì wá nǹkan dí ojú ihò náà. Ṣùgbọ́n àpò náà kì í dí dáadáa mọ́, ọ̀dà inú rẹ̀ á sì gbẹ. Ní ọdún 1841 ni ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, John Goffe Rand, gba ìwé ẹ̀tọ́ fún túùbù tí wọ́n fi tánńganran rírọ̀ ṣe, èyí tó ṣe é fún, tó sì ní ìdérí. Ẹ̀yìn túùbù Rand yìí ni túùbù ọṣẹ ìfọyín tẹ̀lé.

Ní ọdún 1955, ọmọ Amẹ́ríkà mìíràn, William R. Scholle, gbé àpò ọ̀rá tí wọ́n tì bọ inú páálí jáde. Áásìdì bátìrì ọkọ̀ ló kọ́kọ́ fẹ́ fi gbé kiri láìsí ewu. Nígbà tó di ọdún 1965, Thomas Angove, tó ń pọn wáìnì ní Gúúsù Australia, gba ìwé ẹ̀tọ́ láti máa ta wáìnì nínú irú àpò bẹ́ẹ̀. Ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀ yé ẹnikẹ́ni tó bá ti tọ́ ẹmu ànámọ́nú wò: afẹ́fẹ́ ni í bá ọtí jẹ́. Ìgò wáìnì tí wọ́n bá mu dé ìdajì ti gba afẹ́fẹ́ sínú dé ìdajì, láàárín ọjọ́ díẹ̀ adùn rẹ̀ á ti lọ. Ṣùgbọ́n àpò inú páálí máa ń fún pọ̀ lé wáìnì tó kù lórí, èyí kì í sì í bàjẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tí ti Angove kọ́kọ́ jáde, ńṣe ni oníbàárà ń gé igun àpò, tí yóò sì fi nǹkan há a padà. Ní ọdún 1967 ni àwọn mìíràn ní Australia ṣe ẹnu ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà wọlé mọ́ ọn.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ti ẹ̀jẹ̀

Ilé ìwòsàn ni ọgbọ́n yìí ti wúlò jù lọ. Kí àpò ẹ̀jẹ̀ tó dé, inú ìgò ni wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ sí. Ìgò ń fọ́, ó wúwo, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó tún un lò. Èyí tó burú jù ni pé kò lè ṣe kí afẹ́fẹ́ má wọ inú rẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára aláìsàn, tí wọ́n sì fẹ́ kí tuntun tètè wọlé, wọ́n a máa fi afẹ́fẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ inú ìgò jáde. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tán nígbà tí afẹ́fẹ́ náà ṣì ń tì, afẹ́fẹ́ á tẹ̀lé e wọ inú iṣan. Afẹ́fẹ́ tó pọ̀ nínú iṣan lè dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ọkàn, kó sì pa ènìyàn láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Àwọn aláìsàn kan kú bẹ́ẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1950 ni oníṣẹ́ abẹ kan ní ìlú Boston, Carl Walter, àti ẹnì kejì rẹ̀, William Murphy kékeré, ṣe àpò ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́ ike rírọ̀. Nígbà ogun Korea, èyí tó wáyé láàárín ọdún 1950 sí 1953, wọ́n gbé àpò náà lọ sí ilẹ̀ ogun, níbi tí ìgò kò ti ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ yára, ara àpò ni wọ́n ń tẹ̀ láti ìta, kò sí pé wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀.

Àǹfààní rẹ̀ kò tán síbẹ̀. Pẹlẹbẹ ni àpò náà wà kí ẹ̀jẹ̀ tó wọ inú rẹ̀, nítorí náà kò sí afẹ́fẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ olùtọrẹ ní láti lé jáde. Nínú àpò tó wọ́pọ̀, nǹkan bí mìlílítà 63 oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ló ti wà nílẹ̀ de mìlílítà 450 ẹ̀jẹ̀. Bí oògùn náà bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní CPDA-1, ẹ̀jẹ̀ náà lè wà nínú ẹ̀rọ amóhun-tutù fún ọjọ́ 35. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ yí àpò náà, ẹ̀jẹ̀ pupa á lọ sísàlẹ̀, omi ara ẹ̀jẹ̀ á dúró lókè. Wọ́n á wá há a sáàárín pátákó méjì tó ń tẹ̀ ẹ́, omi òkè á sì gba ọ̀nà rọ́bà bọ́ sínú àpò kejì tí wọ́n ti so mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́. Wọn kò ṣí ohunkóhun, afẹ́fẹ́ kò sì fọwọ́ kàn án. Báyìí ni ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan ṣe lè wúlò fún ju aláìsàn kan lọ.

Bákan náà ni ti omi dírípù. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, Nàìjíríà pẹ̀lú, omi dírípù ṣì ń wá nínú ike tó le díẹ̀. Irú ike bẹ́ẹ̀ kì í fún pọ̀ tán, nítorí náà àwọn òṣìṣẹ́ ìlera mìíràn a máa gún abẹ́rẹ́ sí i lókè kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ihò kejì ti agolo mílíìkì ló tún dé yẹn! Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ń gba ibẹ̀ wọlé lè gbé kòkòrò àìfojúrí dání. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2011, tí wọ́n ṣe ní Argentina, Brazil, Italy àti Mexico, fi hàn pé nígbà tí àwọn ilé ìwòsàn fi ike tó ń gba afẹ́fẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n bọ́ sórí àpò tí kì í gbà á, àkóràn ẹ̀jẹ̀ láti ojú rọ́bà tí wọ́n fi sínú iṣan ńlá dín kù láti 10.1 sí 3.3 nínú ẹgbẹ̀rún ọjọ́ tí aláìsàn fi lo irú rọ́bà bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ìṣòro kù sí

Rírọ̀ tó jẹ́ agbára àpò, òun náà ni àléébù rẹ̀. Ẹni tó bá ti fa píọ̀ wọ́tà mu mọ̀ pé nígbà tó bá kù díẹ̀ kí omi tán, ojú ọ̀rá méjèèjì á lẹ̀ mọ́ ara wọn lẹ́nu ibi tó já, bẹ́ẹ̀ omi ṣì ń mì lẹ́gbàá-lẹ́gbàá ní ìdí rẹ̀. Bó ṣe ń fà á tó ni ọ̀nà ń dí tó. Kì í ṣe pé omi tán, ọ̀nà ló dí.

Ọgbọ́n mẹ́ta ni wọ́n ń ta sí i. Àkọ́kọ́ ni gbígbé e kọ́: àpò dírípù ní ihò lókè tí wọ́n fi ń kọ́ ọ, ẹnu rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ pátápátá, kí ìwúwo omi fúnra rẹ̀ lè ṣí ọ̀nà títí dé orí ẹ̀kán ìkẹyìn. Ìkejì ni títẹ̀ ẹ́ láti ìdí wá sí ẹnu, bí wọ́n ṣe ń ká túùbù ọṣẹ ìfọyín. Ìkẹta ni lílà ọ̀nà sínú àpò. Ní àwọn ilé oúnjẹ tó ń po ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún oníbàárà, ẹ̀rọ ló ń fa omi dídùn tó ki jáde nínú àpò inú páálí. Kí ọ̀rá má baà lẹ̀ mọ́ ẹnu ẹ̀rọ, wọ́n a máa fi ike pẹlẹbẹ tóóró kan sínú rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ní ipa bí ipa àgbàrá. Bí ọ̀rá tilẹ̀ wálẹ̀ lé e, ipa náà kò ní í dí, ibẹ̀ ni omi tó kù lẹ́yìn yóò máa gbà jáde. Nínú àpò mìíràn, inú ọ̀rá náà gan-an ni wọ́n ti ṣe ipa bẹ́ẹ̀ sí.

Ní ilé ìwòsàn, ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí. Bí àpò bá ti pẹlẹbẹ, kò túmọ̀ sí pé aláìsàn ti gba gbogbo oògùn rẹ̀. Rọ́bà gígùn tó so àpò mọ́ apá lè mú tó mìlílítà 15 sí 20. Bí wọ́n bá po oògùn sínú omi tó jẹ́ mìlílítà 100, tí rọ́bà náà sì mú 20, ìdá kan nínú márùn-ún oògùn yẹn ló kù sínú rọ́bà tí wọ́n fẹ́ sọ nù. Ìdí rèé tí àwọn nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ fi ń fi omi iyọ̀ ti èyí tó kù wọlé. Àwọn ẹbí aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti fi ohùn pẹ̀lẹ́ bèèrè bóyá wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún àpò dírípù kó lè yá. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ a máa wà nínú àpò náà láti ilé iṣẹ́, ẹni tó bá sì ń fún un lè ti afẹ́fẹ́ yẹn wọ inú iṣan. Nítorí rẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe so àpò kan mọ́ ẹ̀yìn àpò mìíràn. Bí omi bá ku díẹ̀, nọ́ọ̀sì ni kí wọ́n pè.

Ní ilé ìdáná, ẹ̀kọ́ náà kò le. Ẹni tó bá ra tòmátò tàbí òróró inú ọ̀rá, kó gé igun rẹ̀ kó fẹ̀ dáadáa, kó dorí rẹ̀ kodò, kó sì fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ fà á láti òkè wá sísàlẹ̀. Fífún un láàárín ló ń há èyí tó kù mọ́ ìdí. Owó kan náà ni wọ́n fi ra èyí tó jáde àti èyí tó há sí igun.

Kì í ṣe agbára ni í mú kí àpò tú ohun inú rẹ̀ sílẹ̀ tán. Kó lè fún pọ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà rí ohun wá ṣe nínú rẹ̀, kí ọ̀nà sì wà fún ẹ̀kán ìkẹyìn láti jáde, ohun méjèèjì tó ń fẹ́ nìyẹn.