Bí Wọ́n Ṣe Di Aládùúrà

Ní ilẹ̀ Yorùbá, a ní orúkọ púpọ̀ fún ẹni tó ń lọ sílé ìjọsìn. Ọmọ ìjọ ni ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì. Jàmáà ni àwọn tó tò sẹ́yìn lèmọ́mù láti kírun. Ṣùgbọ́n Aládùúrà yàtọ̀. Orúkọ náà kò sọ ibi tí èèyàn ti ń jọ́sìn, iṣẹ́ tó ń ṣe fún ọmọnìkejì ló sọ. Bí a ti ń pe ẹni tó ń fọṣọ ará ìlú ní alágbàfọ̀, bẹ́ẹ̀ náà la pe ẹni tó ń bá aláìsàn, àgàn àti ẹni tí ọ̀rọ̀ rú lójú gbàdúrà ní aládùúrà.

Àdúrà fúnra rẹ̀ ti rin ìrìn jíjìn kó tó dé ẹnu wa. Inú èdè Lárúbáwá ló ti ṣẹ̀ wá. Addu'a ni àwọn Háúsá ń pè é, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Yorùbá sì ń pè é ní àdúà títí dòní. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì gúnlẹ̀ sí Badagry ní 1842, ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti pẹ́ láàárín wa. Nítorí náà, nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, ọ̀rọ̀ tí ará ilé àti ará ọjà ti mọ̀ ni wọ́n mú lò: àdúrà, ìwàásù, wòlíì, àlùfáà. Ẹnu Mùsùlùmí ni Kìrìsìtẹ́nì ti gba orúkọ iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù nínú ìsìn rẹ̀. Ó yẹ ká máa rántí èyí nígbà tí ẹlẹ́sìn bá ń gbógun ti ẹlẹ́sìn.

Ní 1918, àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn tó ń jà káàkiri ayé dé ilẹ̀ Yorùbá, ó sì pa èèyàn púpọ̀. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, Joseph Sadare àti àwọn díẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkàn St. Saviour's bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ láti gbàdúrà. Ọ̀dọ́bìnrin tíṣà kan, Sophia Ọdúnlámì, dara pọ̀ mọ́ wọn, ó ní Ọlọ́run rán òun pé kí àwọn èèyàn fi omi òjò wo àìsàn náà. Wọ́n sọ ara wọn ní Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Nígbà tó di 1922, wọ́n kúrò nínú ìjọ Áńgílíkàn, torí pé wọ́n kọ oògùn, wọn kò sì fara mọ́ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́.

Àsìkò yìí náà ni Moses Orímọládé Túnọláṣẹ, ọmọ Ìkàrẹ́, ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn tó ń wàásù. Nígbà tó dé Èkó, Bàbá Aládùúrà ni àwọn èèyàn ń pè é. Ní oṣù kẹfà 1925, Christianah Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n lọ wòran ọdún Corpus Christi àwọn Kátólíìkì, ó délé, ó sì wọnú ìran. Orímọládé ni wọ́n ránṣẹ́ pè láti wá gbàdúrà fún un. Láti ibẹ̀ ni Ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ tí ará àdúgbò fi pe ọkùnrin kan wá di oyè: Bàbá Aládùúrà ni ọ̀pọ̀ Séráfù ṣì ń pe olórí wọn.

Ní oṣù keje 1930, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tó ti ń wa ọkọ̀ tí ń tẹ ọ̀nà rí, gbàdúrà ní Òkè-Oòyè, Ilẹ́ṣà, èrò sì ń wọ́ bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ní ọdún yẹn kan náà, Josiah Oṣítẹ̀lú dá ìjọ Church of the Lord sílẹ̀ ní Ògèrè, orúkọ Aládùúrà sì wọ inú orúkọ ìjọ gan-an. Ní 1947, Samuel Bilewu Oshoffa dá ìjọ Sẹ̀lẹ́ sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo).

Báyìí ni orúkọ náà ṣe tàn. Ẹni tó ń gbàdúrà fún èèyàn ló kọ́kọ́ ń jẹ́. Nígbà tó yá, ẹnikẹ́ni tó bá ń lọ sírú ìjọ bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ ẹ, ó wọ ṣùtánà funfun, kò wọ̀ ọ́. Àwọn kan fi pẹ̀gàn wọn, bí ẹni pé aláìmọ̀wé nìkan ló ń bá wọn lọ. Irọ́ ni. Isaac Babalọlá Akínyẹlé, aṣáájú nínú ìjọ Àpọ́sítélì ti Krístì, tí òun náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìjọ Aládùúrà, gorí ìtẹ́ Olúbàdàn ní 1955.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìjọba kò fún wọn lórúkọ yìí, bíṣọ́ọ̀bù kò fún wọn. Àwọn tó gbé aláìsàn wá bá wọn ló wo ìṣe wọn tí wọ́n fi pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń jẹ́ Aládùúrà lónìí, ní Ìbàdàn tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀: kí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ayé sú, yálà ọmọ ìjọ ni tàbí àlejò.