Pẹ́nnáìfù Bàbá Tí Èèkù Rẹ̀ Ti Họ

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin àgbà wa ní Ìbà Estate, ọ̀pọ̀ bàbá ló ní pẹ́nnáìfù tí wọ́n fi ń gé obì, tí wọ́n fi ń bó ọsàn. Bó bá ti pẹ́ lápò pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, ojú èèkù rẹ̀ á họ, kò ní dán mọ́. Ẹ lè fi ọwọ́ yín mú un dán padà.

Ẹ kọ́kọ́ ká ọ̀bẹ náà sínú èèkù rẹ̀, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù dì í bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tútù a máa yọ̀, ọ̀bẹ kò sì mọ ẹni tó ni òun. Bí ẹ bá rí àwọ̀ mìíràn níbi tó ti họ jù, a jẹ́ pé wọ́n kàn fi nǹkan bò ó lójú ni. Ẹ má fi sáńpépà kàn án, ẹ fi aṣọ nù ún. Bó bá jẹ́ irin tàbí idẹ látòkè délẹ̀, ẹ béèrè sáńpépà olómi lọ́wọ́ àwọn tó ń kun mọ́tò ní Ìyànà-Ìbà, nọ́ńbà 600, 1000 àti 2000. Ẹ rẹ 600 sómi, kí ẹ máa fi ra á síbì kan náà títí ìlà àtijọ́ yóò fi lọ. Omi yẹn ni kì í jẹ́ kí eruku irin fò sójú. Ẹ fi 1000 dábùú ìlà tí 600 fà. Ìgbà tí ẹ kò bá rí i mọ́ ni 2000 kàn. Ìkánjú níbi 600 ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Ìlà tó bá jìn tó èyí tí èékánná ń kọ́, ẹ fi sílẹ̀. Lójú tèmi, ó yẹ kí ọ̀bẹ bàbá ní àpá díẹ̀. Ọṣẹ ìfọyín lórí aṣọ rírọ̀ ni ẹ ó fi parí rẹ̀.

Brasso náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n epo tó jọ kẹrosíìnì wà nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọ ọ́ sínú ìgò mínírà láé. Bí ọmọ bá gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Níbi tó ti ń bì, epo náà lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró, mímí á wá di wàhálà. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ mú ìgò náà dání.

Bí ọ̀bẹ bá gé yín, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ dáadáa. Kì í ṣe ìpẹtà ló ń fa tẹ́tánọ́ọ̀sì tó ń mú àgbọ̀n há. Kòkòrò inú erùpẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ni. Bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ tí ẹ gbà gbẹ̀yìn bá ti lé lọ́dún 10, tàbí ọdún 5 bí ọgbẹ́ náà bá dọ̀tí, tàbí ẹ kò rántí pé ẹ gbà á rí, ẹ lọ rí nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà.

Kí bàbá tó tún fi gé obì, ẹ fọ ọ̀bẹ náà, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀kán kan sí ìdè rẹ̀, kí ẹ sì nu èyí tó bá ṣàn síta kúrò.